Ẹnu ológbò tí kò san: kí ni stem cell lè ṣe sí i?

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Sacramento, ní California, ló kọ̀wé sí mi nípa ológbò rẹ̀. Músù lorúkọ ẹranko náà, nítorí náà Ìyá Músù ni mo ń pe òun fúnra rẹ̀. Ẹnu Músù wú, ó pọ́n láti èrìgì títí dé ẹ̀yìn ọ̀fun. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ebi á pa á, á sún mọ́ abọ́ oúnjẹ, á tún sá padà. Wọ́n yọ gbogbo eyín rẹ̀, kò san. Ni dókítà ẹranko tó ń tọ́jú rẹ̀ bá dárúkọ stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara. Àwọn ìbéèrè tó bi mí nìyí, mo kàn gé wọn kúrú ni.

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ara Músù ló ń bá ara rẹ̀ jà. Báwo ni ara ṣe ń bá ara jà?

Ẹ rántí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lálẹ́ nílé. Ká ní ọ̀kan nínú wọn rí olè lójú fèrèsé kan, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹnikẹ́ni tó bá gba ibẹ̀ kọjá, àlejò ni o, onílé ni o, tí olè sì ti sá lọ tipẹ́. Nínú ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni ọdẹ, àwọn tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T sì wà lára àwọn tó ń mú kùmọ̀ dání. Lẹ́nu ológbò tó ní irú àìsàn yìí, ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín àti fáírọ́ọ̀sì bíi calicivirus wà lára ohun tí a fura sí pé ó ń bí wọn nínú. Ìdí tí wọ́n fi ń yọ eyín nìyẹn: bí kò bá sí eyín, ìdọ̀tí ò ní ríbi lẹ̀ mọ́. Nínú ológbò mẹ́wàá tí wọ́n bá yọ eyín fún, bíi méje ló máa ń rí ìtura gidi. Músù bọ́ sáàárín àwọn mẹ́ta tó kù.

Ìbéèrè: Abẹ́rẹ́ steroid máa ń jẹ́ kó jẹun. Ṣé a ò kúkú lè máa fún un lọ?

Ẹ lè fún un fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdẹ pátá ni steroid ń fi oorun kùn, ẹni rere àti ẹni burúkú. Bí olè gidi bá wá dé ńkọ́? Yàtọ̀ sí ìyẹn, steroid tó bá pẹ́ lára ológbò lè fa àtọ̀gbẹ. Cyclosporine náà wà, ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ oògùn tí wọ́n á máa lò fún ìgbà pípẹ́ ni.

Ìbéèrè: Stem cell yìí, ṣé kì í ṣe ọlẹ̀ ni wọ́n ń pa kí wọ́n tó rí i? Mi ò fẹ́ lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ o.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rá ni. Wọ́n á gé ọ̀rá díẹ̀ lábẹ́ awọ ikùn ológbò, wọ́n á yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ mesenchymal nínú rẹ̀, wọ́n á wá máa sìn wọ́n nínú láàbù títí wọ́n á fi di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Wọ́n á fà wọ́n sínú iṣan bí ìgbà tí wọ́n ń fa omi sára aláìsàn.

Sísìn wọn nínú láàbù yìí kì í ṣe eré. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní foamy virus, ọ̀pọ̀ ológbò ló ń gbé e kiri láìṣàìsàn rárá. Ara ológbò ò kà á sí, ṣùgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì bá dé inú abọ́ láàbù, fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún á so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn, wọn ò ní lè bí sí i mọ́. Èyí wà lára ìdí tí àwọn olùwádìí fi gbìyànjú ọ̀rá ológbò mìíràn tí kò ní àìsàn kankan lára.

Ìbéèrè: Ṣé sẹ́ẹ̀lì yẹn á wá di èrìgì tuntun lẹ́nu rẹ̀ ni?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú nìyí, orúkọ rẹ̀ ló fà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Arnold Caplan tó fún wọn lórúkọ mesenchymal stem cell lọ́dún 1991 fúnra rẹ̀ ló tún jáde lọ́dún 2017 pé kí wọ́n yí orúkọ náà padà, nítorí iṣẹ́ gidi tí wọ́n ń ṣe nínú ara ni fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù.

Bí wọ́n bá fà wọ́n sínú iṣan, púpọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ dé ẹnu. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń há sí, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń kú. Kí wọ́n tó kú, wọ́n á ti tú àwọn èròjà bíi prostaglandin E2 jáde. Èròjà yìí ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì T pé kó yé bí sí i, tó sì ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń làjà pọ̀ sí i. Bí baálẹ̀ tó wọlé, tó bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ ni. Kùmọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí baálẹ̀ wà.

Ìbéèrè: Ta ló ti rí i kó ṣiṣẹ́?

Kò jìnnà sí yín rárá. Ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, Boaz Arzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde jáde lọ́dún 2016 nípa ológbò méje tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá ara wọn tọ́jú. Gbogbo wọn ni wọ́n ti yọ eyín wọn bíi ti Músù, tí kò sì san. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ogún mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì. Ẹnu mẹ́ta san pátápátá, ti méjì dára púpọ̀, méjì tó kù ò yí padà.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì T kan wà tí wọ́n ń pè ní CD8lo. Àwọn ológbò tí tiwọn kò tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Kò ṣiṣẹ́ fún àwọn tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ológbò méje kéré o, mi ò ní tan yín. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017, tí wọ́n ti lo ọ̀rá ológbò mìíràn, mẹ́rin nínú méje ló rí ìyípadà, ó sì falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìbéèrè: Ká ní mo tètè mọ̀, ǹ bá má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín ọmọ mi!

Ẹ má bínú sí ara yín, Ìyá Músù. Wọ́n ti dán an wò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé bí wọ́n bá fún ológbò ní sẹ́ẹ̀lì yìí láìtíì yọ eyín, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Baálẹ̀ lè parí ìjà, àmọ́ bí olè bá ṣì jókòó sójú fèrèsé, ìjà á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ilé ìwòsàn ẹranko kan ń fi í wo oríkèé ajá, ojú gbígbẹ, awọ yíyún, kíndìnrín àti ogbó. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀yin náà kúkú wọ mólúè rí l'Ékòó. Ẹ rántí ọkùnrin tó máa ń dìde láàárín ọkọ̀ tòun ti ìgò oògùn kan ṣoṣo, tó ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn ríro àti àìróorunsùn. Òun náà ló wọ kóòtù funfun yìí.

Wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́ fún ajá tí ojú rẹ̀ gbẹ nítorí pé ara ń ba ẹṣẹ́ tó ń sun omijé jẹ́, àti fún ajá tí ìfun rẹ̀ ń wú. Ìrètí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú yàtọ̀ sí oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn sọ ọ́ lọ́dún 2015 pé oògùn ni wọ́n ka irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tà á bí ẹni ta ẹ̀kọ. Ní Yúróòpù, ti ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí lọ́dún 2019, wọ́n wá fọwọ́ sí DogStem fún oríkèé ajá lọ́dún 2022. Oríkèé ni méjèèjì wà fún, wọn ò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹnu Músù.

Ìbéèrè: Kí ni kí n bi wọ́n kí n tó sanwó?

Ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀rá Músù ni wọ́n máa lò tàbí ti ẹlòmíì. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, irú àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe fún ológbò tó fi sílẹ̀? Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ Músù ṣáájú, àti ẹni tó máa jókòó tì í nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń wọ iṣan, torí ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kí wọ́n tún ya fọ́tò ẹnu rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìyípadà yìí ń gba oṣù púpọ̀, ẹni tó bá sì ń rí ológbò rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í rántí bí ẹnu náà ṣe pọ́n tó tẹ́lẹ̀.