Kí ni kánsẹ́lọ̀ lè ṣe fún àdúgbò yín l'Ékòó?

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Mushin, Bàrígà tàbí Agége, tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù, ohun tí ẹ ó gbọ́ nípàdé onílé ni pé: "Kánsẹ́lọ̀ wa dà?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ń bi ọkùnrin tàbí obìnrin yìí ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í sì í bi í ní èyí tó wà níbẹ̀.

Ṣé kánsẹ́lọ̀ ló yẹ kó tún gọ́tà wa ṣe?

Rárá. Alága káńsù ló ń fọwọ́ sí ìwé owó, òun ló sì ń gbéṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Aṣòfin ni kánsẹ́lọ̀. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń yan ẹnì kan. Nínú ìdìbò July 12, 2025, ipò kánsẹ́lọ̀ 376 ni wọ́n dìbò sí ní káńsù 57 tó wà l'Ékòó. Àwọn kánsẹ́lọ̀ káńsù kan ló ń jókòó pọ̀ ṣe òfin ìbílẹ̀, àwọn ló ń yẹ ètò ìṣúná alága wò kó tó di òfin, wọ́n sì lè pe alága kó wá ṣàlàyé bó ṣe náwó. Nítorí náà, bí gọ́tà òpópónà yín kò bá sí nínú ètò ìṣúná, kánsẹ́lọ̀ ní ẹjọ́ láti jẹ́. Bó bá wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe é, òun náà ló yẹ kó béèrè ìdí.

Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ àwọn tí alága yàn láti máa bójú tó ẹ̀ka iṣẹ́, bí ìlera tàbí ẹ̀kọ́. Àwọn èèyàn ń pe àwọn náà ní kánsẹ́lọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìbò fún wọn.

Iṣẹ́ wo gan-an ni òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́?

Àfikún Kẹrin òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ti tò wọ́n sílẹ̀: ọ̀nà àdúgbò, iná òpópónà, gọ́tà, ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Káńsù tún ń bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera.

Ibi tó ti dojú rú l'Ékòó ni pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ wà nínú púpọ̀ nínú wọn. LAWMA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìdọ̀tí, àti àwọn PSP, ìyẹn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló ń kó ìdọ̀tí. Owó orí ilé tí òfin fún káńsù ti wà nínú Land Use Charge, owó ilé àti ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ ń gbà. Káńsù ló ni gọ́tà kékeré iwájú ilé yín, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó àyíká ló ń gbẹ́ kánáàlì ńlá tí gọ́tà náà ń ṣàn sí. Ẹ lè gbẹ́ gọ́tà yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí kánáàlì bá ti dí, omi á padà wá bá yín. Iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ni kó kó àwọn ará àdúgbò lẹ́yìn lọ sí Alausa, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà.

Kí ló dé tí káńsù fi jẹ́ 57, nígbà tí òfin orílẹ̀-èdè ní 20?

Ní 2003, nígbà tí Bọ́lá Tinubu jẹ́ gómìnà, Èkó dá 37 kún un. Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní December 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé Ààrẹ kò lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n káńsù tuntun náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Wọ́n wá di LCDA, ìyẹn agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé Alimosho jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú òfin orílẹ̀-èdè, káńsù mẹ́fà ló sì wà lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ìdájọ́ 2024 ńkọ́?

Ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má ṣe mú un mọ́. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n bí owó bá dé ọwọ́ alága tààrà, àwọn wo ló máa bi í léèrè? Àwọn kánsẹ́lọ̀ ni. Ẹgbẹ́ APC ló mú gbogbo alága 57 ní 2025, tiwọn sì ni kánsẹ́lọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ṣòro kí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà dìde bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè, àfi bí ará wọ́ọ̀dù bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ìrẹsì àti fọ́ọ̀mù JAMB ni wọ́n ń pín?

Nítorí òun là ń tọrọ. Ẹni tó bá ránmọ níwèé ń ṣe dáadáa, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́wàá ló gba fọ́ọ̀mù, ilé gbogbo ará òpópónà ni omi wọ̀. Kánsẹ́lọ̀ tó ń gbọ́ "ẹ rántí wa o" láàárọ̀ àti lálẹ́ kò ní í fi gọ́tà ṣáájú.

Ìgbà wo ló yẹ ká lọ bá a?

Kí ọdún tó parí, nígbà tí wọ́n ń ṣe ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn January, ohun tó kù kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí CDA yín, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan tàbí méjì péré, kí ẹ kọ orúkọ òpópónà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bó bá jẹ́ gọ́tà ni, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ń jáde sí. Bí wọ́n bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni omi máa kún. Ẹ mú lẹ́tà náà lọ sí sẹkitéríàtì káńsù, ẹ fún kánsẹ́lọ̀ àti akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ wọn ní ẹ̀dà, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Bí ètò ìṣúná bá jáde, ẹ béèrè láti rí i, kí ẹ wá òpópónà yín nínú rẹ̀.