Fọ́tò Ìgbéyàwó: Ohun Tí Kámẹ́rà Kò Bá Gbà, Kọ̀ǹpútà Kò Lè Dá A Padà

Ìbéèrè tí tọkọtaya tuntun máa ń bi àwa onífọ́tò jù ni pé, "Ìgbà wo ni fọ́tò wa máa jáde?" Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí a ti palẹ̀ kámẹ́rà mọ́, ó kù ká gbé e sórí kọ̀ǹpútà ká tẹ nǹkan méjì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dẹ́rù bà mí ju ìbéèrè yẹn lọ ni ti àwọn tó máa ń sọ fún wa lójú ayẹyẹ pé, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ ó bá wa tún un ṣe tẹ́ ẹ bá délé." Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rẹ̀ nílé. Ojú ayẹyẹ gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé bí mo ṣe ń tẹ kámẹ́rà ni mo ń ro ohun tí mo máa bá nínú fáìlì náà nígbà tí mo bá jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká mú ti aṣọ. Ìyàwó wọ funfun, ọkọ wọ kóòtù dúdú, àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú oòrùn. Ojú èèyàn rí iṣẹ́ ọnà tó wà lára aṣọ funfun, ó sì rí bọ́tìnnì ara kóòtù dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó lè gbà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ju ìwọ̀n yẹn lọ, ibẹ̀ á kàn funfun láúláú, kò ní sí okùn, kò ní sí ìlẹ̀kẹ̀, kò ní sí ìṣẹ́po aṣọ kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ lè mú un dúdú díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó bá wù yín, àwọ̀ eérú tó tẹ́jú pẹrẹsẹ lẹ máa rí, ẹ ò ní rí aṣọ.

Èyí tó tún wá burú ni pé ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ̀ pé aṣọ ìyàwó lòun ń wò. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé kó máa ka gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ sí àwọ̀ eérú ní ìpíndọ́gba. Bí aṣọ funfun bá gba ojú fọ́tò, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, aṣọ olówó iyebíye á wá jáde bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí kò mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ tó wọ dúdú ló tò síwájú rẹ̀, á ṣe òdì kejì, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí ojú wọn á fi máa kọ mànà. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi ìpinnu yẹn sílẹ̀ fún kámẹ́rà nìkan.

Fáìlì tí a fi ń yà á náà ṣe pàtàkì. JPEG ni èyí tí fóònù yín mọ̀ dáadáa: kámẹ́rà fúnra rẹ̀ á ti yan àwọ̀, á ti pinnu bí funfun ṣe máa funfun tó, á sì da ọ̀pọ̀ nínú ohun tó rí nù kí fáìlì má bàa tóbi. RAW ní tiẹ̀ fi ìpinnu wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún wa. Nínú JPEG, ipele 256 ló wà láti dúdú pátápátá dé funfun pátápátá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Nínú RAW oní-bit 14, ipele náà tó 16,384. Ìyàtọ̀ yìí la máa ń rí nígbà tí a bá fẹ́ fa ojú tó wà nínú òjìji jáde: RAW á gbà fún wa, JPEG á máa pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, àwọ̀ ara á sì dà bí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan ṣòfò, ibi dúdú ni mo máa ń fi wewu, mo máa ń ṣọ́ ibi funfun. Àmọ́ ó ní ibi tí èyí mọ. Bí ẹ bá ya aláwọ̀ dúdú sínú òkùnkùn jù tí ẹ wá fà á jáde lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ á ṣì, á kún fún àmì wínníwínní. Láyé fíìmù, káàdì tí àwọn ilé ìfọ́tò fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ ara jáde dáadáa, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀. Kodak ló ń kó o fún wọn, "Shirley" ni wọ́n sì ń pe káàdì náà. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ fọ́tò àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn, eyín àti ojú nìkan ló hàn. Kámẹ́rà òde òní ti kọjá ìyẹn, àmọ́ ẹni tó ń lò ó ló ṣì máa rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú tó.

Nínú ilé, orí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni wàhálà wà. Wọ́n máa ń fi Kelvin wọn àwọ̀ yìí. Iná àbẹ́là wà ní nǹkan bí 1,900, gílóòbù yẹ́lò tó wà ní yàrá wà láàárín 2,700 sí 3,000, oòrùn ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5,500. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń yẹ́lò tó. Bí ìyàwó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń kun ojú rẹ̀, tí fèrèsé wà ní apá òsì, tí gílóòbù yẹ́lò sì wà ní apá ọ̀tún, ojú kan ṣoṣo á ní àwọ̀ méjì. Tí mo bá tún apá ọ̀tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà, apá òsì á di búlúù. Tí mo bá tún tòsì ṣe, tọ̀tún á di àwọ̀ ọsàn. Mo lè máa fi ọwọ́ pín ojú náà sí méjì, kí n máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí n kàn pa gílóòbù náà, kí n gbé àga sún mọ́ fèrèsé kí ìkunjú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú pé onífọ́tò ń pa iná kiri inú yàrá, ohun tó ń ṣe nìyẹn.

Iná aláràbarà tí wọ́n ń tàn síbi ijó kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí iná elésè àlùkò bá bo ojú ìyàwó, pupa àti búlúù nìkan ni kámẹ́rà gbà; àwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú fáìlì rárá, láìsí ìyẹn, àwọ̀ ara kò ṣeé tò pọ̀. A lè fi fìláàṣì ta ko iná náà, ká yí i sí àjà funfun kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ojú wọn. Níbi tí àjà bá ga jù, tàbí tó jẹ́ dúdú, ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́. Àṣírí kan rèé: nígbà tí ẹ bá rí i pé onífọ́tò sọ fọ́tò ijó yín kan di dúdú àti funfun, ó lè jẹ́ pé ó wù ú bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àwọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ṣeé wò.

Iná LED mìíràn tún máa ń ṣẹ́jú láìjẹ́ kí ojú rí i. Níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50Hz, ìyẹn ìyípo 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná bẹ́ẹ̀ á máa ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí onífọ́tò bá fi shutter (ohun tó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa wọ kámẹ́rà pẹ́ tó) tí kì í dún yà á kí ó má bàa da ìsìn láàmú, ìlà dúdú lè là fọ́tò náà já láti etí dé etí. Mo fara mọ́ kí kámẹ́rà dún díẹ̀.

Tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ìpinnu kan ló kù: ká gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sókè kí fọ́tò ní wínníwínní, tàbí ká jẹ́ kí shutter pẹ́ kí nǹkan tó ń rìn wá di àwọ̀sánmà. Wínníwínní ni mo máa ń mú. Mo lè gbé ISO dé 6,400 láìronú lẹ́ẹ̀mejì kí n lè ya ìwọlé tọkọtaya ní ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá, torí pé wínníwínní ní oògùn lórí kọ̀ǹpútà, ojú tó gbọ̀n nínú fọ́tò kò ní.

Nípa fọ́tò ẹbí, ẹ bá wa ṣe sùúrù nígbà tí a bá ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹyọ kan." Ní Ọsirélíà, Nic Svenson àti Piers Barnes, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ CSIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba ibẹ̀, gba ẹ̀bùn Ig Nobel (ẹ̀bùn fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín tó sì ń múni ronú) ti ìṣirò ní 2006 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí èèyàn kò bá tó 20, kí ẹ pín iye wọn sí 3 tí ìmọ́lẹ̀ bá dára, tàbí sí 2 tí kò bá dára. Iye fọ́tò tó yẹ kí ẹ yà nìyẹn kí ọ̀kan tó lè wà tí ẹnikẹ́ni kò dijú nínú rẹ̀. Èèyàn 15 nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára, fọ́tò 5. Inú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, 8.

Tí a bá wá délé, ẹ̀dà la máa ń kọ́kọ́ ṣe, kódà bó ti wù kó rẹ̀ wá tó. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé ni ẹ̀dà 3, lórí irú ibi ìpamọ́ 2, kí 1 sì wà níbòmíràn tó yàtọ̀ sí ilé. Káàdì kì í di òfìfo títí ìyẹn á fi parí.

Lẹ́yìn náà ni ṣíṣà. Ayẹyẹ ọjọ́ kan lè fún wa ní fọ́tò 3,000, a sì lè má fi ju 600 ránṣẹ́. Ibí ni mo gbà pé ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà jù. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n ń fi òrùka sí ìka: fọ́tò mẹ́wàá lè wà níbẹ̀ tó jọra wọn. Nínú ọ̀kan, òrùka ń dán dáadáa àmọ́ ọwọ́ ọkọ bo ìka ìyàwó. Nínú òmíràn, ìka hàn, ìyàwó sì ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́. Nínú ẹ̀kẹta, òrùka ò tíì wọlé tán, kò sì mọ́lẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ ìyá ọkọ tó wà lẹ́yìn wọn ti ń fi ìka nu omijé. Ẹ̀kẹta yẹn ni mo máa mú. Òrùka á ní fọ́tò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú ìyá yẹn kò ní tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn kan máa ń ní ká kó gbogbo RAW fún àwọn. Mo mọ̀ pé wọ́n rò pé à ń fi nǹkan pamọ́, àmọ́ RAW tí a kò tíì fọwọ́ kàn ṣì ṣú, kò ní adùn, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì ní ṣí i bó ṣe yẹ.

Ní ti àtúnṣe fúnra rẹ̀, èmi máa ń tún fọ́tò kan ṣe ní ibi kọ̀ọ̀kan, yàrá ìmúra, ibi ìsìn, gbọ̀ngàn, kí n tó fi àwọ̀ náà sí àwọn tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú. Rorẹ́ tó máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa ń yọ ọ́. Àpá, àmì ìbí, ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́, mi ò ní fọwọ́ kàn án àyàfi tí ẹ bá sọ. Ara tí wọ́n dán títí tí kò fi ní ihò kankan mọ́ máa ń wu èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, títí ẹnì kan á fi béèrè pé ta nìyí. Tí ẹ bá ní ká dín ìbàdí kù, ẹ wo férémù ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn yín: òun náà sábà máa ń tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní báyìí, àwọn ètò AI tún ti wà tó lè fi ojú tó là rọ́pò èyí tó dì. Tí ojú náà bá ti inú fọ́tò mìíràn tí a yà ní ìṣẹ́jú kan náà wá, mo fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló hùmọ̀ ọ, ojú bàbá yín kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí fáìlì bá dé ọwọ́ yín, ẹ má fi WhatsApp pín in bíi fọ́tò lásán, torí ó máa ń fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Kí fọ́tò tó jẹ́ ínǹṣì 8 ní ìbú àti 10 ní gígùn tó lè tẹ̀ dáadáa, ó yẹ kó ní pixel (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 2,400 ní ìbú àti 3,000 ní gígùn, nítorí náà èyí tí ẹ gbà lórí WhatsApp lè máà tó fún ògiri. Bó bá sì tẹ̀ jáde tó ṣú ju bí ẹ ṣe rí i lọ, ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe tan iná fóònù yín sókè tó kí ẹ tó pè wá. Líǹkì tí a fi ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ tí kò ní ṣí mọ́, ẹ gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ tí ó bá dé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nínú ẹbí.