Láti Yàrá Òkùnkùn Ìbàdàn: Bí Fọ́tò Irun Dídì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Bí àwọn àgbà bá ń ki ìlú wa, wọn kì í fo ìlà yẹn. Àwọn onílé kan a máa fi kùn sínú, ṣùgbọ́n ó ṣẹ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára ní 1954.

J. D. 'Okhai Ojeikere lorúkọ rẹ̀, ọmọ abúlé Ovbiomu-Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní. 1930 ni wọ́n bí i. Ìgbà tó di ẹni ogún ọdún ni aládùúgbò rẹ̀ kan gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Ó ra kámẹ́rà Brownie D kan tí kò ní fíláàṣì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn nìyẹn, pé òun ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ó kọ, ó tún kọ. Ohun kan náà ló ń tọrọ nínú gbogbo wọn, títí wọ́n fi gbà á. Mo máa ń ro ti akọ̀wé tó ń ya àpò ìwé lọ́hùn-ún: "Ojeikere yìí náà tún ni!"

Àmọ́ àjèjì tí mò ń wí yìí, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni abúlé rẹ̀ wà nígbà náà. 1963 ni wọ́n tó gé Mid-West, ibi tí abúlé rẹ̀ bọ́ sí, kúrò. Olú-ìlú rẹ̀ ni Ìbàdàn, bó ṣe jẹ́ olú-ìlú ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì. Èdè ló sọ ọ́ dàlejò.

Wọn ò kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Yàrá òkùnkùn ni wọ́n fi í sí, kó máa ran àwọn tó ń fọ fọ́tò lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ fọ́tò àtijọ́ á mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Iná pupa bàìbàì kan ní ń tàn níbẹ̀, òórùn oògùn a sì kún imú. Wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gátífù bọ́ sára pépà, wọ́n á rì í bọ oògùn tó ń mú àwòrán jáde, wọ́n á tún rì í bọ haipó kó má baà ṣá, wọ́n á wá fi omi ṣàn án, kí wọ́n tó sá a. Bó bá pẹ́ jù nínú oògùn, ojú oníbàárà á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, ó di iwin. Ẹni tó bá ti ṣe èyí fún ọdún bíi mélòó kan, ojú rẹ̀ á mọ dúdú kan yàtọ̀ sí èkejì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni fọ́tò irun ti ṣẹ̀ wá. Kí ni irun wa, bí kì í bá ṣe dúdú lórí dúdú: òwú dúdú lára irun dúdú, tí ojú ìlà sì mọ́ tónítóní láàárín wọn?

Ní 1961 ó di ayafọ́tò ní ilé tẹlifísàn Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, tí àwa ará Ìbàdàn ò tíì fi yangàn tán. Ní 1963 ó lọ sí Èkó, ó ń ya fọ́tò ìpolówó ọjà fún West Africa Publicity. Ibẹ̀ ló wà títí di 1975 tó fi ṣí ìsọ̀ tirẹ̀, Foto Ojeikere.

1968, ọdún kan lẹ́yìn tó wọ ẹgbẹ́ Nigerian Arts Council, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Bó bá rí obìnrin tí irun rẹ̀ wù ú, ì báà jẹ́ lójú títì, ní ọ́fíìsì tàbí lóde àríyá, á bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun yà á. Ẹ̀yìn orí tàbí ẹ̀gbẹ́ ló sì sábà máa ń yà. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí fọ́tò ilé wa. Nínú álíbọ́ọ̀mù ìyá mi, kò sẹ́ni tí kò kọjú síwájú gbagidi, tọ́wọ́ rẹ̀ ò sí lórí itan. A rí ojú gbogbo wọn, a ò mọ irun tí wọ́n dì. Ojeikere pa ojú tì, ó mú ìpàkọ́. Ṣùkú, Kòròbà, Pineapple, Onílé Gogoro: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò tó yà, dúdú àti funfun. Ó mọ̀ pé bí onídìrí bá ti tú u, ó tán nìyẹn.

Wọ́n pàtẹ àwọn fọ́tò náà ní Fondation Cartier, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, ní 2000, àti níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà Venice ní Ítálì ní 2013. Ó kú ní oṣù kejì 2014, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Mo fi Onílé Gogoro 1975 han ìyá mi lórí fóònù, irun olówùú tó ga bí ilé alájà. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀. "Irun yìí dáa," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ẹni tó kó o ò fa ti ìpàkọ́ yẹn le tó."