Bí èdè Punjabi ṣe ń dúró lẹ́nu ọmọ Sikh lókè òkun, àti ibi tó ti ń já bọ́

Lọ́dọ̀ àwọn Sikh, ẹlẹ́sìn kan tó ṣẹ̀ wá láti Punjab, ilẹ̀ tó wà láàárín Íńdíà àti Pakistan lónìí, ẹ̀sìn àti èdè Punjabi ti wọnú ara wọn, ìwé mímọ́ wọn ló so méjèèjì pọ̀. Guru Granth Sahib ni wọ́n ń pè é, ojú ewé 1,430, Gurmukhi sì ni lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, lẹ́tà tí Guru Angad, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ àgbà ẹ̀sìn wọn, tò létòlétò ní ọ̀rúndún 16. Wọn ò kà á sí ìwé lásán o, Guru tó wà láàyè ni. Tí wọ́n bá bímọ tuntun, wọ́n á gbé ọmọ lọ sí gurdwara, ilé ìjọsìn wọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á ṣí ìwé náà síbi tó bá ṣí sí, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orin tójú ẹ̀ bá bá níbẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà máa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi Singh kún un tó bá jẹ́ ọkùnrin, Kaur tó bá jẹ́ obìnrin. Bí ò bá wá sẹ́ni tó lè ka Gurmukhi ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí èdè náà ò ṣe lè kú fin-ín fin-ín, ẹ̀sìn ò ní gbà.

Àmọ́ èdè inú ìwé yẹn kọ́ ni wọ́n fi ń ná tòmátì lọ́jà. Èdè àtijọ́ ló pọ̀ nínú ẹ̀, oríṣiríṣi èdè ló dà pọ̀ síbẹ̀, ọmọ lè ka àdúrà àárọ̀ látòkè délẹ̀ láìwòwé kó má sì lè bá ìyá àgbà ẹ̀ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nílé gan-an, ní Punjab, ìjà lèdè yìí fi rí àyè. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà lọ́dún 1947, Punjab là sí méjì, Lahore bọ́ sí Pakistan, Amritsar ṣẹ́ kù sí Íńdíà. Ní Pakistan, Punjabi lèdè tó pọ̀ jù lẹ́nu aráàlú, ṣùgbọ́n Urdu àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé, lẹ́tà Shahmukhi tó jọ ti Lárúbáwá ni wọ́n sì ń lò, torí ẹ̀ ará ìhín àti ará ọ̀hún lè jọ tàkúrọ̀sọ, wọn ò lè ka lẹ́tà ara wọn. Ní ti Íńdíà, Akali Dal, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Sikh, pẹ̀lú àwọn aṣáájú bíi Master Tara Singh àti Sant Fateh Singh ń jà fún ìpínlẹ̀ tó máa jẹ́ ti elédè Punjabi, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1966 ló tó bọ́ sí i. Òfin 1967 sọ Punjabi di èdè ìjọba níbẹ̀, ti 2008 sì sọ ọ́ di dandan láti kíláàsì 1 dé 10. Síbẹ̀, àwọn òbí tó fẹ́ kí ọmọ rí físà lọ sókè òkun, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń náwó lé.

Ní England àti Wales, ìkànìyàn 2021 rí Sikh bíi 524,000, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní Punjabi lolórí èdè àwọn ò ju bíi 291,000 lọ, àwọn tí kì í ṣe Sikh sì wà nínú wọn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ò fara sin. Bàbá tó wá ṣiṣẹ́ ní Southall, àdúgbò kan ní London, ń sọ Punjabi sọ́mọ, ọmọ wọ ilé ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, bàbá gbà á bẹ́ẹ̀ torí ó kúkú yé òun, ìgbà tí ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ bá bímọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù nílé. Punjabi tún ní tusi fún àgbà àti tu fún ẹgbẹ́, bí "ẹ" àti "o" tiwa, ọmọ tó bá ṣèèṣì pe àgbà ní tu, wọ́n á bá a wí lójú èrò, ìtìjú á mú un, kò tún ní fẹ́ lanu sọ ọ́ mọ́. Irú ìbáwí yẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó yẹ káwọn àgbà mọ̀.

Gurdwara ló ń ṣàtúnṣe. Wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní Gurmukhi lópin ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń kọ́ wọn kì í sábà gbowó, àwọn kan á sì ṣe GCSE Panjabi, ìdánwò ilé ìwé gíga nílẹ̀ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ gurdwara tún ti gbé síkírínì sára ògiri, orin á máa jáde ní Gurmukhi, ní lẹ́tà òyìnbó, pẹ̀lú ìtumọ̀ lábẹ́. Ó ran èèyàn lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà òyìnbó lojú ọmọ ń sá lọ. Punjabi sì ní ohùn bíi tiwa, ẹṣin, pàṣán àti adẹ́tẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn ló yà wọ́n, ẹni tó mọ Gurmukhi á rí ohùn yẹn lára lẹ́tà, lẹ́tà òyìnbó kì í sábà gbé e jáde.

Kóòtù ti dá sí ọ̀rọ̀ láwàní tí àwọn Sikh ń wé nítorí ẹ̀sìn. Lọ́dún 1983, nínú ẹjọ́ Mandla, House of Lords, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù ní Britain nígbà yẹn, dájọ́ pé ẹ̀yà làwọn Sikh, ilé ìwé ò sì lè torí láwàní lé ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n kóòtù ò lè fi Punjabi sẹ́nu ọmọ.

Ibi tó ti rọrùn díẹ̀ ni ibi tí èdè ti ń mówó wọlé. Ní Surrey àti Brampton ní Kánádà, àwọn tuntun ń dé ṣáá láti Punjab, ṣọ́ọ̀bù àti rédíò ń wá ẹni tó gbọ́ ọ. Láti 2008 ni wọ́n ti ń ṣe kómẹ́ńtárì họ́kì orí yìnyín ní Punjabi lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, Harnarayan Singh, tí wọ́n bí sí Alberta, wà lára àwọn tó ti ṣe é, bó sì ṣe pariwo orúkọ Nick Bonino, agbá-họ́kì kan, léraléra nígbà tí Bonino gbá gòólù wọlé lọ́dún 2016, àwọn tí ò gbọ́ ẹyọ Punjabi kan ń wò ó káàkiri, iṣẹ́ yẹn ò sì ní kàn án ká ní ilé bàbá ẹ̀ ti fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò Punjabi.