Notice of injury: ọjọ́ 14 ti kọjá, ṣé kéèyàn ṣì sọ àbí kó panu mọ́?

Àbúrò mi kan wá kí mi nírọ̀lẹ́ Sátidé, mo ní kó jókòó, kò lè jókòó dáadáa, ìdí kan ló fi kan àga bí ẹni tí eéwo mú. Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó fẹ́ dìde tó wá di ògiri mú ló tó jẹ́wọ́. Ilé búrẹ́dì kan lápá Láfẹ́ńwá l'Abẹ́òkúta níbí ló ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé àpò fúláwà, kílò 50 ni ọ̀kan, ó gbọ́ "kọ́ọ̀" níbàdí, ó fi róòbù pa á, ó mu àgbo, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyẹn o. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wá ń kú báyìí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn ló sọ fún un pé ọjọ́ 14 lòfin fún èèyàn láti sọ fún ọ̀gá pé òun farapa lẹ́nu iṣẹ́, tó bá ti kọjá ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kó yáa máa fara dà á. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmọ́ ẹni yẹn náà ò parọ́ pátápátá, ìdí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ nìyẹn, torí mo ti ṣe táìmùkípà ní kọ́ńpìnnì kan rí fún ọdún púpọ̀, ọwọ́ mi ni ìwé tí wọ́n ń kọ ìjàǹbá sí máa ń wà, mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá pẹ́ kó tó sọ, mo sì mọ bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń fẹ́ kó rí.

Notice of injury tẹ́ ẹ máa ń rí nínú ìwé àwọn HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì yẹn, ìfitónilétí lásán ni. Òṣìṣẹ́ farapa lẹ́nu iṣẹ́, ó jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀, ó parí. Kì í ṣe ẹjọ́ lẹ pè, ẹ ò sì tíì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin tó wà nídìí ẹ̀ ni Employees' Compensation Act tíjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2010, òun ló rọ́pò Workmen's Compensation Act àtijọ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ló sì ń bójú tó o. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n ń san, inú àpò kan táwọn ọ̀gá iṣẹ́ ń dá owó sí ló ti ń wá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí wọ́n ń san fáwọn òṣìṣẹ́ ni kí ọ̀gá máa dá lóṣooṣù, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Mo dìídì mẹ́nu bà á torí ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu mọ́ ni pé "ọ̀gá mi ò lówó, mi ò fẹ́ dà á láàmú". Tí ọ̀gá bá ti ń dá a, owó ẹ ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó farapa, tí kò bá sì dá a, ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́ nìyẹn.

Ibi tó ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni pé gbèdéke mẹ́ta ló wà, wọ́n á wá pò ó pọ̀. Ọjọ́ 14 jẹ́ tòṣìṣẹ́, pé kó fi tó ọ̀gá létí. Ọjọ́ 7 jẹ́ tọ̀gá, pé kó fi tó NSITF létí, tó bá sì la ikú lọ, ojú ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó gan-an, ìyẹn lè wọlé títí ọdún 1 lẹ́yìn ìjàǹbá, tí nǹkan pàtàkì kan bá sì dí èèyàn lọ́wọ́, àjọ náà lè gbà á títí dé ọdún 3. Nítorí náà ẹni tó bá ní "ọjọ́ 14 ti kọjá, owó ti lọ", ó ti fi gbèdéke kan ti ìlẹ̀kùn gbèdéke mìíràn.

Sísọ tí wọ́n ní kéèyàn sọ yìí náà, kò le tó bí wọ́n ṣe ń fà á gùn. Mánéjà ni, súpáfáísọ̀ ni, ẹni tí àpótí first aid wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni, tàbí ẹni tó ń darí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti farapa, èyíkéyìí nínú wọn tẹ́ ẹ bá sọ fún, ẹ ti sọ fún kọ́ńpìnnì. Orúkọ yín, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe yín àti ohun tó fà á tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n. Òfin fúnra ẹ̀ ní kó jẹ́ ní ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn, kò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ bíi lọ́yà. "Mo gbé fúláwà láàárọ̀ Mọ́ńdè ní sítọ́ọ̀, ìbàdí mi já" ti tó.

Ó wá pẹ́ ńkọ́? Ohun tí òfin sọ ni pé ẹni tí ò bá fi tó wọn létí bó ṣe yẹ, kò ní rí owó gbà, ÀFI tí NSITF bá rí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta. Èkíní, pé ohun tẹ́ ẹ sọ, bí ò tiẹ̀ pé tán, ó tó láti fi mọ irú ìfarapa tó jẹ́ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìkejì, pé ọ̀gá tàbí aṣojú ẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ farapa. Ìkẹta, pé pípẹ́ tó pẹ́ ò pa ọ̀gá lára, tí wọ́n sì rí i pé ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n gbà á.

Ìkejì yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé lórí dáadáa, torí òun ló máa ń gba èèyàn là, òun náà sì làwọn èèyàn kì í rántí. Mo bi àbúrò mi pé lọ́jọ́ tó gbọ́ "kọ́ọ̀" yẹn, ta ló wà níbẹ̀? Ó ní fóòmáànù ni. Ṣé ó rí ọ? Ó ní ó rí òun, ó ní kóun lọ jókòó díẹ̀ lẹ́yìn ààrò, ó tún wá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi bíi pé ọkọ ìyàwó tuntun ni. Mo ní haa, yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an lowó! Fóòmáànù ni aṣojú ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yẹn, ó rí i, ó sọ̀rọ̀ lé e lórí, ọ̀gá ti mọ̀ nìyẹn. Ohun tó kù ni kí ẹ̀rí wà pé ó mọ̀.

Àmọ́ mi ò ní tan yín pé kò séwu nínú kéèyàn pẹ́. Ewu wà. Bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ẹni tó rí yín á ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹlòmíì á ti gbàgbé, dókítà náà ò ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé àpò fúláwà ló fà á, ọ̀gá á wá ní ṣé kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó gbá lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni. Ìbéèrè yẹn ò burú, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni láti béèrè. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kọkàndínlógún fi dáa ju ọjọ́ kọkàndínláàádọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá dákẹ́ tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹ̀yìn ríro sì wà lára nǹkan tó máa ń bá èèyàn dákẹ́ jù, torí ẹjẹ̀ ò jáde, egbò ò sí, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

Àwọn kan máa ń pẹ́ torí ẹ̀rù iṣẹ́, pàápàá àwọn kásúà, ìyẹn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀. Wọ́n á ní kásúà ni mí, èmi ò sí nínú ìwé. Ẹ wà ńbẹ̀ o. Òfin yìí ka ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tàbí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹni tó ń ṣe ìdajì ọjọ́, kásúà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, títí dé ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ológun nìkan ló yọ sílẹ̀. Obìnrin tó ń bá aládìrẹ ṣiṣẹ́ ní Ìtòkú tí omi sódà ta sí lójú, òṣìṣẹ́ ni. Ìyá tó ni àdìrẹ fúnra ẹ̀ ló máa ṣòro fún, torí òun ni ọ̀gá ara ẹ̀.

Lójú ọ̀nà náà ńkọ́? Tí ọ̀kadà bá gbé yín ṣubú ní Kútọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ láti ilé tàbí tẹ́ ẹ ń bọ̀, òfin kà á mọ́ iṣẹ́. Ọ̀nà àárín ibi iṣẹ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti máa ń jẹun náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá ti mọ ibi ìjẹun yẹn tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí rárá, ìyẹn ni wọn kì í fi í sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ní kọ́ńpìnnì tí mo ti ṣiṣẹ́ yẹn, irin já lu ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, mo ti gbé bírò pé kí n kọ ọ́ sínú ìwé, mánéjà ní kí n dáwọ́ dúró, ó pe ọkùnrin náà sẹ́yìn, ó fún un lówó ọwọ́ díẹ̀, ó ní tó bá dé ọsibítù kó ní ilé lòun ti ṣubú. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú káàdì. Lóṣù bíi mẹ́rin sígbà náà tẹ́sẹ̀ ò san, tó wá fẹ́ béèrè, káàdì yẹn ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀. Títí dòní inú mi ò dùn sí bírò tí mo gbé sílẹ̀ yẹn. Torí náà, ì báà jẹ́ ọsibítù Ìdí-Aba lẹ lọ, ì báà jẹ́ ti Ìjàyè, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò, ẹ sọ fún wọn pé ibi iṣẹ́ ni, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì rí i kà kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbé ìwé wá pé ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yín nítorí owó ọwọ́, òfin ò fàyè gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ sí i, wàhálà ni.

Ẹ má sì yí déètì padà o! Ohun tó máa ń ká àwọn tó pẹ́ mọ́ nìyẹn, wọ́n á ní àná ló ṣẹlẹ̀ kó lè bọ́ sínú ọjọ́ 14, bẹ́ẹ̀ àná ọ̀hún wọn ò sí lójú iṣẹ́, ìwé táìmù á tú wọn fó. Èmi tí mò ń pa ìwé yẹn mọ́ ni mò ń sọ fún yín. Ẹ sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi pẹ́: mo rò pé á lọ, mo fi róòbù pa á, ìgbà tẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní róòbù. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì jẹ́ tiwọn bẹ́ẹ̀.

Ṣé kéèyàn tún wá jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ torí kò fẹ́ ìbéèrè? Ẹ wò ó báyìí: ẹni tí ìjàǹbá iṣẹ́ bá sọ di aláìlèṣiṣẹ́ mọ́ pátápátá, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún un lóṣooṣù. Mi ò gbàdúrà kó kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹni tórúkọ ẹ̀ ò sí níbì kankan, ibo ló fẹ́ gbà débẹ̀? Tí ọ̀gá bá ní òun ò gbọ́, ọ́fíìsì NSITF wà ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ mú ẹ̀rí yín lọ bá wọn, ẹ má dúró kí ọ̀gá mú yín lọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ṣá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà la jọ jókòó tì í. Mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí fóòmáànù lórí WhatsApp, ní Yorùbá, kò gbọdọ̀ fi ìbínú sí i: "Ẹ káalẹ́ sà, láti ọjọ́ tí mo gbé fúláwà ní sítọ́ọ̀ tí ìbàdí mi já, kò tíì lọ, ẹsẹ̀ mi ti ń kú, mò ń lọ ọsibítù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí n fi tó yín létí." Ó kọ ọ́, ó ń gbọ̀n, ó fi ránṣẹ́. Fóòmáànù ò pẹ́ tó fi dá a lóhùn. Ó ní, "Ṣebí mo ní kó o lọ jókòó lọ́jọ́ yẹn, ìwọ lo ní kò sí nǹkan kan."

Mo ní kó tètè ṣe síkírínṣọ́ọ̀tù ẹ̀ kí bàbá yẹn tó pa á rẹ́.