Ìdá Mẹ́wàá Nínú Ọgọ́rùn-ún ti Kí Ni?

Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ìdajì omi, ohun tí a máa kọ́kọ́ bi í ni pé ìdajì kí ni. Ìdajì ife kì í ṣe ìdajì àgbá. Àmọ́ gbàrà tí wọ́n bá ti pe ìdajì yẹn ní "ìdá 50 nínú 100", ẹnu a wọhò, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè mọ́. Ẹni tó ń rajà, ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń yáwó àti ẹni tó ń wọn oko, ibẹ̀ náà ni ìṣirò wọn ti máa ń dàrú. Ìsọdipúpọ̀ kọ́ ló ṣòro fún wọn, ẹ̀rọ ìṣirò tó wà nínú fóònù lè ṣe ìyẹn. Ohun tí ìdá náà dúró lé lórí ni wọn kò wò.

Ti ọjà rírà kò le rárá. Bí wọ́n bá yọ ìdá 20 nínú 100 kúrò lórí ọjà, tí wọ́n tún yọ ìdá 10 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀dínwó náà kò tó 30. Ọjà 100 ti di 80. Ìdá 10 ti 80 jẹ́ 8. Ó ku 72. Ìdá 28 ni wọ́n yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni páálí tí wọ́n kọ "ìdá 50 lé e lọ́fẹ̀ẹ́" sí lára: ohun tó yẹ ká san 3 fún la san 2 lé lórí, ìdá 33 péré ni wọ́n fi dín owó rẹ̀ kù. Ẹ pín owó sí iye gíráàmù tàbí lítà tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi wé ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó parí.

Ti ọlọ́jà ló ń múni kẹ́dùn. Ẹni tó ra nǹkan ní 80 tó tà á ní 100 jèrè 20. Bí a bá gbé 20 yẹn lé orí owó tó fi rà á, ìdá 25 ni. Bí a bá gbé e lé orí owó tó wọlé, ìdá 20 ni. Méjèèjì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú owó tó wọlé ni owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná àti owó òṣìṣẹ́ ti ń jáde. Ọlọ́jà kan a ṣírò pé nínú gbogbo 100 tó bá wọlé, 30 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù kí òun tó lè gbéra. Yóò wá fi ìdá 30 lé owó tó fi rajà. Ohun tó rà ní 100 di 130, èrè rẹ̀ sì jẹ́ 30 nínú 130, ìyẹn bí ìdá 23. Ìdá 7 tó kù ń jò lọ láìdún. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó pín owó ìrajà sí 0.70: ọjà 70 di 100, ọjà 100 di bíi 143.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń bímọ ni ọjọ́ tí oníbàárà bá ní kí wọ́n ṣe é ní ẹ̀dínwó ìdá 10. Ọjà tí a rà ní 70 tí à ń tà ní 100 di 90, èrè 30 sì di 20. Ìdá 10 ló kúrò lára owó ọjà, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta èrè ti lọ. Kí èrè ẹyọ 10 tó lè padà bọ̀ sípò, ẹyọ 15 la máa tà.

Síbẹ̀, inú gbèsè ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Ẹ mú owó 12,000, èyí tí a óò fi oṣù 12 san, pẹ̀lú èlé ìdá 10 lọ́dún. Ẹnu kan ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbèsè méjì ló wà níbẹ̀.

Nínú ti àkọ́kọ́, orí gbèsè tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti ń ṣírò èlé. Ká ní à ń dá 1,000 padà nínú ojú owó lóṣooṣù. Ní oṣù kìíní, 12,000 ló wà lọ́wọ́ wa, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 100. Ní oṣù kejì, ó ku 11,000. Èlé di bíi 92. Yóò máa wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé oṣù kejìlá, tí gbèsè yóò ku 1,000, tí èlé rẹ̀ kò ní tó 9. Gbogbo èlé ọdún náà jẹ́ 650.

Nínú ìkejì, wọ́n ṣírò ìdá 10 ti 12,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jẹ́ 1,200. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú owó, ó di 13,200. Wọ́n pín in sí 12, ó di 1,100 lóṣooṣù. Ìṣirò náà mọ́ ṣáká, ọmọ iléèwé lè ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí kò fi í ka ẹnikẹ́ni láyà. Àmọ́ ta ló lo 12,000 fún odindi ọdún? Oṣù kan péré ló pé lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Bí a bá ro gbèsè oṣooṣù pọ̀, láti 12,000 wá sí 1,000, ó jẹ́ 78,000. Pín in sí 12, ó di 6,500. Ohun tó wà lọ́wọ́ onígbèsè nìyẹn ní ìpíndọ́gba. Èlé 1,200 lórí 6,500 ti ju ìdá 18 lọ.

Ẹ wò ó bíi ti ẹni tó gba yàrá 12, tó sì ń kó kúrò nínú ọ̀kan lóṣooṣù. Bó bá máa fi wọ oṣù kẹfà, yàrá 5 ti ṣófo, onílé ti fi ayálégbé mìíràn síbẹ̀, owó yàrá 12 ni ẹni àkọ́kọ́ ṣì ń san. Ní oṣù kejìlá, ó ká ẹsẹ̀ kò nínú yàrá kan, owó yàrá 12 náà ló ń san. Ayánilówó tó gba 1,000 padà kì í kó o pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ẹlòmíràn ló tún yá a fún, tó ń gba èlé rẹ̀ lọ́nà méjì. Bí wọ́n bá wá yọ owó fọ́ọ̀mù ìdá 3, ìyẹn 360, kí owó tó dé ọwọ́ yín, onílé ti ti apá kan lára yàrá kan pa kí ayálégbé tó wọlé, ó sì kà á mọ́ 12. A kò lè pe ìlànà yìí ní irọ́, nítorí òótọ́ ni pé 1,200 jẹ́ ìdá 10 ti 12,000. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ó kàn jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ọ̀nà àbùjá kan wà láti tú u. Ẹ ro gbogbo ohun tí ẹ máa san lé owó tó wọ ọwọ́ yín pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 24 bó bá jẹ́ oṣooṣù lẹ ń san. Ẹ wá pín in sí owó tó wọ ọwọ́ yín gan-an, lọ́nà iye ìgbà tí ẹ máa san àti ẹyọ kan lé e. Fún 1,200 lórí 12,000, 28,800 tí a pín sí 156,000 ni: bí ìdá 18.5. Bí owó fọ́ọ̀mù bá wà níbẹ̀, 1,560 lórí 11,640 ni, ó sì di bíi 24.7. Àbùjá yìí máa ń gbé e ga díẹ̀ (ìṣirò pípé fún wọn ní 18 àti 24), àmọ́ ó ti tó láti fi mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìdá 10.

Ti oko wíwọ̀n, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí a bá ti rìn yí ilẹ̀ ká, a ti mọ bó ṣe tóbi. Ilẹ̀ tí òró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 100 àti èyí tó jẹ́ 150 sí 50, mítà 400 ni àyíká méjèèjì. Hẹ́kítà kan, ìyẹn 10,000 mítà onígun mẹ́rin, ni ti àkọ́kọ́, ìkejì kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ. Kódà bí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ mítà 100 géérégé, ilẹ̀ náà lè fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ta okùn láti igun kan sí igun tó kọjú sí i: bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 141.5, ilẹ̀ náà gún; bó bá jẹ́ 120 tàbí 160, 9,600 mítà onígun mẹ́rin ló kù; bó bá jẹ́ 100, ó ti wálẹ̀ sí 8,660. Kí a ro ìhà méjì tó kọjúra pọ̀ ká pín in sí méjì, ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì yòókù, ká wá fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, àṣà àtijọ́ ni, ó wà lára ògiri tẹ́ńpìlì Edfu ní Íjíbítì. Kì í dín ilẹ̀ kù láé. Bí ilẹ̀ kò bá gún, ó máa fi kún un ni. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ lè fẹ́ràn rẹ̀.

Okùn ìwọ̀n fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Okùn tó ti fà ní ìdá 5, tí a ṣì ń kà ní mítà 50, ti jẹ́ 52.5. Nítorí pé ó wọ inú òró, ó tún wọ inú ìbú, ohun tí a pè ní hẹ́kítà kan jẹ́ 11,025 mítà onígun mẹ́rin, bí ìdá 10 lé e. Ajílẹ̀ kílò 200 tó yẹ kó fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní gíráàmù 20 á fún un ní 18, àgbẹ̀ a sì máa bínú sí ajílẹ̀. Téèpù onírin kì í fà. Ẹ ta okùn yín lé e lórí kí ẹ tó wọ oko, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ bí òjò bá ti pa okùn náà.