Ìwọ́ Orúkọ Igi

Já ewé gúáfà kan, gbé e sókè sí oòrùn. Wàá rí àwọn àmì tíntìntín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Òróró ló wà nínú wọn, òun ló ń ta sánsán tí o bá fi ọwọ́ ra ewé náà. Ra kànáfùrù díẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́ja ní ọjà Odò-Ògbè, wo orí ẹyọ kan dáadáa: adé onímú mẹ́rin. Irú adé bẹ́ẹ̀ ló gbẹ sí ìsàlẹ̀ gúáfà. Ẹbí ni wọ́n. Jussieu, ará Faransé, ló kó wọn pọ̀ ní 1789 sábẹ́ orúkọ Myrtaceae, ẹbí tó ní nǹkan bí 6,000 irú igi lónìí.

Wọ́n ṣì ń rí tuntun nínú wọn. Àmọ́, tuntun lójú ta ni? Àwọn tó ń gbé nítòsí igi náà lè ti máa jẹ èso rẹ̀ láti ayébáyé. Òsányìn tí wọ́n ní kó ro oko, tó kọ̀ láti gé ewé kankan, mọ orúkọ gbogbo wọn. Kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní tuntun ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde.

Luca Ghini, olùkọ́ ní Pisa, ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ ewé gbẹ, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, láàárín 1540 sí 1550. Ní 1753, Linnaeus ará Sweden sọ gúáfà ní Psidium guajava. Láti 1935, dandan ni Látìn fún àpèjúwe igi tuntun. Ìgbà tó di 2012 ni wọ́n gba Gẹ̀ẹ́sì náà láyè.

Òfin 1958 ló wù mí jù. Ó ní ẹni tó bá sọ igi lórúkọ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ohun kan pàtó tí orúkọ náà so mọ́, ẹ̀ka gbígbẹ kan lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwọ́ orúkọ náà nìyẹn, bí a ṣe ń ri ìwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti wọn ewé, wọ́n á ti ka òdòdó, wọ́n á ti wo irun abẹ́ ewé, wọ́n á sì fi wé àwọn ìbátan tó jọ ọ́ bí ìbejì.

Ilé tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ sí wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí. Káàkiri ayé ni ilé bẹ́ẹ̀ ti ní àmì tirẹ̀. Kànáfùrù pa orúkọ dà ní 1939, ó di Syzygium aromaticum. Yunifásítì náà pa tirẹ̀ dà ní 1987. Àmì ilé ewé náà kò yí padà: IFE ni.